Baìwíkìlì

Ní ilé alájà mẹ́sàn-án kan ní Máríìnà,
níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fi iyọ̀ kun gíláàsì,
wọ́n fún mi níwèé iṣẹ́, ojú-ewé kan ṣoṣo.
Mo ń rìn, mo ń kà á, títí mo fi dé Àpọ́ngbọ́n.
Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì:
fèrèsé, kí n máa nù ún ní baìwíkìlì;
owó, yóò máa wọlé ní baìwíkìlì.

Wíkì, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ ni.
Baì ni mi ò mọ ilé tó ti wá.
Mo bi Ṣẹ̀yídé, ọmọ àbúrò mi, tó ń kàwé ní Yábà.
Ó ní, "Baì, méjì ni, Àǹtí. Ẹ wo bàísíkù,
ẹsẹ̀ méjì ló ní. Baìwíkìlì, ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn…
àbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀?"
Ó fi ìdí bírò họ orí.

Èmi mú èyí tó dùn mọ́ mi.
Ẹni ebi ń pa kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí ààwẹ̀.
Mo gba ìrẹsì àti ọṣẹ lọ́wọ́ Ìyá Mọ́nsúrù, l'Ókè Pópó,
mo ní, "Ó di Ọjọ́bọ̀."
Ọjọ́bọ̀ dé, fóònù mi ò dún.
Mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá lọ sílé bí olè.

Ọjọ́ Ajé, Mísítà Òṣínọ́wọ̀ ránṣẹ́ pè mí.
"Kí ló dé tí fèrèsé dọ̀tí báyìí?
Baìwíkìlì la kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀!"
Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Owó mi ńkọ́?"
"Owó? Ìyẹn di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.
Ṣé o ò rí i ni? Baìwíkìlì."

Ọ̀rọ̀ kan náà o, yíǹkì kan náà:
tó bá kan ọwọ́ tó mú àkísà, á sáré;
tó bá dé ọ̀dọ̀ akápò, á jókòó, á na ẹsẹ̀.

Ìyáàfin Pópóọlá, akápò, fa dúrọ́ọ̀ yọ,
ó gbé ìwé atúmọ̀-èdè jáde, ó fi ìka tọ ìlà,
ó kà á, ó yọ awò ojú, ó tún kà á.
"Méjèèjì ni wọ́n kọ síbẹ̀," ló wí.
Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

N ò ní èdè tiwa mọ́ bí omi òjò o.
Ìyá tó bí ìyá mi, l'Ágbọ̀wá, ọjà ọrún ló ń ná.
Lọ́jọ́ kan mo fi ìka ka ọjọ́ rẹ̀: mẹ́rin péré.
Mo ní, "Màmá, níbo lẹ ju ìkarùn-ún sí?"
Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ síkùn ọwọ́ mi:
"O ò ka òní.
O wà níbí, àbí o ò sí níbí?"
Ọrún náà ń purọ́ díẹ̀. Àmọ́
ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà
ìka kan náà ni wọ́n fi ń kà á.

Mo yí ìwé iṣẹ́ náà síkùn, mo yá bírò akápò,
mo kọ ọ́ gbàgàdà ní Yorùbá:
*Fèrèsé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.
Owó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan.*
Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."
Ó wò ó pẹ́. Igun ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ́ mira.
Ó ní òun á dá mi lóhùn láìpẹ́.

Láìpẹ́.
Ìyẹn náà, ta ló mọ iye ọjọ́ tó ní?

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹsàn-án.
Iyọ̀ ti tún wà lára gíláàsì.
Òun kò gbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ojoojúmọ́ ló ń wá.